Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ṣe Àmín Sí Kí A Tó Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ilé Ìyá Fọláfúnmi,
Ìkìrun.
Ọjọ́ Ajé.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Mo gbà á ládùúrà pé ẹsẹ̀ wọn tó wú ti ń rọlẹ̀, àti pé ẹ̀yin náà ń rí oorun sùn. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí Inísà láti wo ọkọ̀ tí Díákónì Akínyẹlé fẹ́ tà fún yín. Tímótì, mẹkáníìkì tí ẹ ní kí n mú dání, wá láti Òkukù. Kó tó sọ àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ ni Díákónì ti pariwo pé, "Tímótì, ọmọ Sọ́ńdè-sùkúù mi! Ṣé èmi lo wá yẹ̀ wò ni àbí ọkọ̀?" Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Tímótì náà rẹ́rìn-ín, kò sì ṣí àpò náà mọ́.

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Láti oṣù mẹ́ta tí mo ti dé ìlú yìí, ojú lásán ni mo fi ń bá àwọn ará agbègbè yìí gbé. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì: ó gbóná, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ọkọ̀ náà ò tíì jáde láti àná. Wọ́n ti ṣíná sí i kí a tó dé, kí a má baà gbọ́ bó ṣe ń jí nígbà tó bá tutù. Kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tuntun, lọ́fínńdà sì gba inú rẹ̀ kan. Mo fa bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀yìn títí ó fi tán. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ló wà ní ìdí rẹ̀. Bàbá, omi ti bo ọkọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ rí.

Kí n tó lanu, àwọn ará ìjọ tó wà ní àgbàlá ti di ara wọn lọ́wọ́ mú yí ọkọ̀ ká. Díákónì ta òróró sí i, ó pe orúkọ Màmá, ó ní ọkọ̀ náà ni yóò máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ayọ̀. Ó mọ̀! Ó mọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀! Ta ló tún máa yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò lẹ́yìn àmín? Èmi pàápàá ṣe àmín. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Lọ́nà, Tímótì ní, "Àǹtí, mo rí i. Àmọ́ àwọn ló kọ́ mi ní Bíbélì. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ kí wọn tán, kí n tún dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ wọn?" Mo ní, "Tó bá jẹ́ màmá yín ńkọ́?" Ó gba ọ̀nà Òkukù lọ.

Nítorí náà, láàárọ̀ òní, mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ padà sí Inísà, èmi nìkan. Mo kúnlẹ̀ kí Díákónì, mo ní mo fẹ́ gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń jí. "Ìwọ náà ti di mẹkáníìkì?"  Mi ò dìde. Nígbà tó sú Díákónì, wọ́n ṣíná sí i. Ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó kú. Díákónì ní Sátánì ni. Mo ní, "Rárá o, sà. Omi ni." Mo sọ ọ́, Bàbá.

Ẹ má rà á. Kí Olúwa má jẹ́ kí ọwọ́ ìkà tẹ Màmá, kí ó sì dá yín sí fún wa.

Èmi ni ọmọ yín tí kì í sọ̀rọ̀,
Ọmọ́wùnmí.

Àfikún: Ẹ rọra tú bébà tí mo ká sínú àpòòwé yìí. Ẹrẹ̀ inú bẹ́líìtì náà tí mo họ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni. Bí Díákónì bá pè yín láti sọ pé mo rí wọn fín, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án kí ẹ tó dá wọn lóhùn.