Èmi Ni Mo Mú Àlùmọ́gàjí Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ọkàn mi fúyẹ́ lónìí, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ̀wé sí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú bírò, ìtìjú á mú mi. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fi pamọ́ fún gbogbo ẹbí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ kí ara tù mí: èmi ni mo jí àlùmọ́gàjí ńlá yín, èyí tí ẹ fi ń gé fláwà nílé àwọn ọ̀gá ní Ìkòyí.

Jíjí ni mo pè é, nítorí kò ní orúkọ mìíràn. Lọ́sẹ̀ tí a sin yín, tí èèyàn ń wọlé tí èèyàn ń jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, mo fà á yọ. Bí ẹ ṣe fi síngílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé e náà ni mo ṣe tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi. A ò tíì pín ogún. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́ tí ẹbí jókòó láti pín ẹrù yín, Bọ̀dá Akin, àkọ́bí yín, wá àlùmọ́gàjí náà títí. Òkúta tí ẹ fi ń pọ́n ọn náà, wọn ò rí i. Àwọn àgbà ní ó ní láti jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ló kó o lọ. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu.

Mo mọ̀ pé abọ́ tánńganran àti ìró méjì ni wọ́n máa fún mi, torí mo jẹ́ obìnrin, mo sì jẹ́ àbíkẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá yín lọ sí Ìkòyí ní Sátidé? Ta ló ń kó ewé tí ẹ bá gé sínú agbọ̀n? Bọ̀dá Akin kì í fẹ́ kí oòrùn pa òun, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo rò pé á kàn gbé e tà ni.

Ẹ ò mọ ibi tí mo ń gbé báyìí. Nígbà tí ìjọba ń pín àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò àríyá ńlá yẹn, orúkọ ọkọ mi jáde, a sì kó wá sí Festac. Ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn nígbà tí a dé. Mo gbin fláwà yí iwájú ilé ká. Nígbà tó ga dé àyà mi, mo yọ àlùmọ́gàjí yín síta. Mo fi í kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ti máa ń ṣe. Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mi ò bi yín rí.

Bí ẹ ṣe ń gé e náà ni mo ń gé e: ìdí rẹ̀ á fẹ̀, orí rẹ̀ á tín-ín-rín, kí oòrùn lè dé ara ewé ìsàlẹ̀. Àwọn ará klóòsì, ìyẹn òpópónà wa, ń gé tiwọn gbọọrọ bí ògiri, ìdí rẹ̀ sì ń pá. Ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bi mí pé ṣé ọkọ mi ò lówó gádínà ni. Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n sọ fún un pé ọmọ gádínà ni mí.

Ṣùgbọ́n olè kì í gbádùn ohun tó jí. Bí Bọ̀dá Akin bá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, màá sáré gbé ọmọ, màá lọ bá a ní Èbúté-Mẹ́ta kó tó jáde nílé. Nígbà kan mo purọ́ pé a ń kun ilé. Nígbà mìíràn mo ní ara ọmọ ò yá, Ọlọ́run má ṣe gbà á lẹ́nu mi. Odindi ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ò mọ ẹnu ọ̀nà ilé mi. Mo wá gbọ́ pé ó ń sọ fún àwọn ẹbí pé ilé ìjọba ti ń gun àbúrò òun, pé mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ tálákà tẹ ilé mi. Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ń pàdánù rẹ̀ nítorí irin kan.

Irin náà wá kú. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ibí tètè ń mú irin dípẹtà, mo sì máa ń gbàgbé láti fi kẹrosíìnì nù ún. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe sí ọ̀bẹ ilé ìdáná: mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, mo wọ́n omi sórí sìmẹ́ǹtì, mo pọ́n ọn síwá sẹ́yìn, tinú tòde. Ó dán yinrin, inú mi dùn. Mo dé ìdí fláwà, kò gé mọ́. Ńṣe ló ń jẹ ewé lẹ́nu bí arúgbó tí kò léyín. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, gbogbo orí fláwà ti rọ. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ẹ̀gbẹ́ òde nìkan ni ẹ máa ń pọ́n, pé ẹ kì í fi nǹkan ha inú, níbi tí irin méjèèjì ti ń pàdé. Ṣé ẹ sọ ọ́ fún mi rí, tí gúgúrú tí mo ń jẹ ò jẹ́ kí n gbọ́? Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, mo sunkún. Mo jí i, mo tún bà á jẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ń bá fláwà jà lọ́wọ́ nígbà tí mo rí òjìji èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bọ̀dá Akin ni. Ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Abúlé Adó, ló bá béèrè ilé wa, ó yà. Kò kí mi. Ó kọ́kọ́ wo fláwà, láti ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ títí dé orí. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ sórí ewé tí mo ti gé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a; tèmi ò tiẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi, ó là á, ó fi àtàǹpàkò kan ẹnu rẹ̀.

“Ta ló pọ́n eléyìí báyìí?”

“Èmi ni, sà. Orí sìmẹ́ǹtì ni. Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Ó dá a padà fún mi. Kò bú mi, kò mu omi, ó kàn yípadà ó ń lọ. Ìbá sàn kó gbá mi létí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ́nà, mo sì gbà pé mi ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, ó tún kanlẹ̀kùn. Ó gbé nǹkan kan há abíyá. Ó lọ tààrà sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó, ó tú u. Síngílẹ́ẹ̀tì yín mìíràn ló fi wé e. Òkúta yín ló wà nínú rẹ̀.

“Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta,” ló wí. “Lánàá, ó ń ṣe mí bíi kí n bú ẹ. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bú ẹ?”

Bàbá, a rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi sáré jáde wá wò wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bọ̀dá sunkún. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ kú gan-an ló ti mú òkúta náà, torí pé ojú àtàǹpàkò yín ti jẹ ihò sí i lára. Gbogbo ìgbà tí mo ń sá fún un, ó rò pé mo rí i nígbà tó ń mú un ni. Ohun tó mú kó máa sọ pé ilé ìjọba ń gùn mí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bí mo bá tú àṣírí rẹ̀. A ti fẹnu kò pé a ó jọ lọ jẹ́wọ́ fún àwọn ẹbí nígbà Kérésì. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ó kọ́kọ́ tún ibi tí mo bà jẹ́ ṣe. Ó tẹ́ inú rẹ̀ pẹrẹsẹ sórí òkúta, ó rọra fà á títí ojú rẹ̀ fi gún, ó wá pọ́n ẹ̀gbẹ́ òde bí ẹ ṣe ń pọ́n ọn, ó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Ibo ló ti kọ́ ọ, ẹni tí kì í bá yín lọ? Àbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń wò yín? Mo gbé e dé ìdí fláwà, mo fi í kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ké ṣákẹ́ṣákẹ́. Ohùn yẹn gan-an ni, Bàbá. Ohùn àárọ̀ Sátidé.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó gbé àlùmọ́gàjí, ó fi òkúta sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mi ò bá a jiyàn, òun ni àkọ́bí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: kò sí ewé kan ṣoṣo ní gbogbo àgbàlá rẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ mi ni fláwà wà, ọ̀dọ̀ mi sì ni òkúta wà.

Mo ń bomi rin fláwà náà ní àràárọ̀ báyìí. Ó ti ń yọ ewé tuntun, kò ní pẹ́ ga débi tí Bọ̀dá á fi ní láti gbé àlùmọ́gàjí wá. Mi ò tíì fẹ́ kí nǹkan tètè hù tó báyìí rí.

Ọmọ yín tó ń kó ewé sínú agbọ̀n,
tó nífẹ̀ẹ́ yín títí dòní.