Kọ́kọ́rọ́ Kànga Wa

Bàbá Thècle,

Mo ti lọ sí Savalou. Ọbẹ̀ wà lórí ààrò.

Ìyá Wahab gbé korobá wá láàárọ̀, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu kànga wa. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa kò gbọdọ̀ pọnmi níbẹ̀ mọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí! Ojú tì mí. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ìdérí rẹ̀ pé, "Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kí ó wá"? Nígbà tí mo bí Thècle, ta ló ń pọnmi fún wa?

Mo rí kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ Bíbélì yín. Ìyá Wahab ni mo fún. Bí ẹ bá ti ìwàásù Akpassi dé, tí ẹ fẹ́ wẹ eruku kúrò lára, ẹ lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.