Orúkọ Mẹ́tàdínláàádọ́ta Tí Ẹ̀rọ Fọ̀ Nù

Òkè-Òyì,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kìn-ín-ní, 1993.

Toyyib ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ṣé ara rẹ le, ṣé o ń jẹun, ṣé ọyẹ́ yìí kò tíì la ẹsẹ̀ rẹ bí ó ti la tèmi? Kí Ọlọ́run Ọba fi alùbáríkà sí ìwé tí o ń kà, kí ó ṣọ́ ọ ní àlọ, kí ó ṣọ́ ọ ní àbọ̀, kí ó má jẹ́ kí ojú tì wá lórí rẹ. Àmín. Àwa náà wà láàyè. A ti kó iṣu wọ àká, a sì ti kó èyí tí ó tóbi lọ tà ní ọjà Ìpata. Ewúrẹ́ Lami àbúrò mi bí méjì, ọ̀kan kú. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, kì í ṣe tísà tí ó ń kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, n kò sì ní jẹ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà bí o bá rí ibi tí mo ti kọ ọ́ wọ́, máa kà á lọ bẹ́ẹ̀.

Danjuma onímọ́tò gbé lẹ́tà rẹ dé ní Ọjọ́bọ̀, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní o kò lè wo ojú mi. O ní gbogbo orúkọ àwọn òkú wa tí ẹ̀gbọ́n mi Mùkáílà pè fún ọ kí Ọlọ́run tó gbà wọ́n lọ́dún tó kọjá, ti pòórá nínú kọ̀mpútà ilé ìwé yín, àti pé ọwọ́ rẹ ló ṣe é, ìdí nìyẹn tí o kò fi wá sílé láti oṣù mẹ́rin. Toyyib, Ìlọrin sí Òkè-Òyì kì í ṣe Mẹ́kà.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti yé mi, bí mo bá ṣì í, kí o tún un ṣe. Ẹ̀rọ náà ní èdè tí ó ń gbọ́, Páskàlì ni o pè é. Ní èdè náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣí fáìlì. Ọ̀kan ni ti kíkà, ọ̀kan ni ti kíkọ, ọ̀kan ni ti kí a fi nǹkan kún ìdí ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, o fẹ́ fi orúkọ wọn sí abẹ́ àwọn tó ṣáájú wọn, bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ ti kíkọ ni o wá lò dípò ti àfikún. Ẹ̀rọ kò bi ọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú, ó pa mẹ́tàdínláàádọ́ta rẹ́, ó kọ Mùkáílà nìkan ṣoṣo síbẹ̀, ó sì pa fáìlì dé. Bébà tí o fi ọwọ́ kọ níṣojú wọn, o ti sọ ọ́ nù, nítorí o ní ẹ̀rọ kì í gbàgbé.

Ọmọ mi, ohun tí ẹ̀rọ yẹn ṣe kò ṣàjèjì sí mi. Wàláà ni, pákó tí a fi ń kọ́ kéú. Nígbà tí mo wà ní ilé kéú lẹ́yìn Ọjà Tuntun, kò sẹ́ni tí ó ń kọ ẹ̀kọ́ tuntun lé ti àná lórí, a ní láti kọ́kọ́ fi omi fọ wàláà mọ́. Ṣùgbọ́n àáfáà wa kì í jẹ́ kí ọmọ kankan bu omi sí wàláà rẹ̀ àfi bí ó bá ti ké gbogbo rẹ̀ lórí sí etí àwọn. Ta ni ó ké ti ẹ̀rọ yín kí ó tó fọ̀ ọ́? Ibẹ̀ ni mo ti dá a lẹ́bi. Ohun kejì ni omi náà. Omi tí a fi fọ wàláà, hàǹtú ni, mímu ni a máa ń mu ún, a kì í dà á sílẹ̀. Nítorí náà mo fi ìgò kan rán Danjuma sí ọ, Lami ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mú un lọ bá ẹni tí ó ń tọ́jú yàrá kọ̀mpútà, kí o kí i dáadáa, kí ó bá wa wo abẹ́ ẹ̀rọ níbi tí omi rẹ̀ ń jò sí. Bí ó bá kéré, kò burú.

Mo bi Danjuma bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Páskàlì, ó ní òun kò tíì gbé èrò dé ìlú náà. Èmi kò fọkàn tán èdè ọ̀hún. O kọ ọ́ pé bí a bá ní kí ó pín iṣu mẹ́tàdínlógún fún ènìyàn márùn-ún, á ní mẹ́ta mẹ́ta, á dákẹ́, kò ní sọ ti méjì tó kù, àfi bí a bá tún fi ọ̀rọ̀ mìíràn bi í pé kí ló ṣẹ́kù. Ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ni a ó pè é jókòó, a ó bá a wí. Ti pé bí ó bá kà dé ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n ó lé díẹ̀, ó máa ń ta kọjá sí ìsàlẹ̀ òdo, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ń fa tẹ̀sùbà kọjá ìlẹ̀kẹ̀ tó kẹ́yìn, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún bá ara rẹ̀.

Tẹ̀sùbà ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́wọ́ mi. Òun ni wọ́n fi máa ń ka àwọn orúkọ náà nígbà àdúà ọdọọdún, wọ́n so òwú dúdú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ kẹtàdínláàádọ́ta. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo pe Lami àti Ládi opó ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ẹní, mo ní kí kálukú pe èyí tí ó bá rántí. Ládi pe mọ́kàndínlógún, Lami pe mẹ́rìndínlógún, èmi pe mọ́kànlá. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló kù kí a tó kan òwú. Ládi ní ó lè jẹ́ pé ọkọ òun ni ó ṣì í kà. Lami ní kí a fi sílẹ̀, Ọlọ́run mọ ẹni tó kù. Mo dá a lóhùn pé, “Bí ẹ̀rọ Toyyib ṣe ń pín nǹkan ni ìwọ náà ń pín in.” Ó bínú wọlé. N kò lè sọ fún un pé èmi mọ ẹni náà.

Toyyib, o mọ̀ pé nínú ìran tiwa tí ó ti ilẹ̀ Hausa wá, obìnrin kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Lami kò pe Azeezah àkọ́bí rẹ̀ ní Azeezah rí, “ọmọ yìí” ni ó ń pè é títí ó fi lọ sílé ọkọ. Ṣùgbọ́n èmi ń pe Toyyib, Toyyib, láti ojúde títí dé oko, láti ọjọ́ tí a ti sọ ọ́ lórúkọ. Ṣé o kò bi ara rẹ rí pé kí ló dé?

Ẹnì kan ti wà ṣáájú rẹ. Ọkùnrin ni. A sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ó padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run ní ọjọ́ kejìlá. Lami ṣì kéré nígbà náà, Ládi kò tíì wọ ilé wa, bàbá rẹ tí ó mọ̀ ọ́n ti ṣaláìsí. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé n kò lè pè é, nítorí náà ní ọdọọdún ni wọ́n máa ń bá mi pè é láàárín orúkọ àwọn àgbà, wéré, èmi á sì ṣe àmín. Àwọn yòókù ń gbọ́ ọ, wọn kò mọ ọlọ́mọ, ìdí nìyẹn tí kò fi dúró lórí wọn. Ní òwúrọ̀ yìí mo gbé bírò láti kọ ọ́ síbí, ọwọ́ mi kọ̀. Ó dùn mí débi pé mo sunkún.

N kò bínú sí ọ. Ìwọ nìkan ló kù láyé tí ó ti kọ orúkọ náà rí, o fi ọwọ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o tún tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Bí ó bá ti kúrò lórí rẹ, wá náà, kí o jókòó síbi tí o jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè é fún ọ, bóyá yóò padà. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn kí ààwẹ̀ tó wọlé ni àdúà wa. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, ra ṣúgà páálí méjì fún sàráà àti bátìrì fún rédíò Ládi. Bí kò bá sí, máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Bí àáfáà bá ti ka mẹ́rìndínláàádọ́ta tán, ìwọ ni kí o pe ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o pè é sókè, nítorí èmi á wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin.

Kí Ọlọ́run mú ọ wálé láyọ̀. Kí ó má jẹ́ kí n tún sin ọmọ. Àmín.

Èmi ni ìyá ẹ̀yin méjèèjì,
Asabe.