Àwòrán Mi Tó Tóbi Bí Ilẹ̀kùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde, ṣé o sì ń rí oorun sùn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí etí wa ò fẹ́ gbọ́. Ara èmi náà le, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí kí ó lè dá ọ lójú, torí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá.

Láti ìgbà tí o ti wá ya àwòrán gbogbo wa nídìí iṣẹ́ wa tí o sì padà lọ, mi ò tún fojú kàn ọ́ mọ́. Fóònù tí o fi ránṣẹ́, tí o kó wa sínú rẹ̀, mo ń ṣí i láràárọ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí àwọn tó wà níbẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí ó dojú bolẹ̀. Ayálégbé wa tó ń tún bàtà ṣe, ẹni tí èdè rẹ̀ ò jọ tiwa, rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń fi eyín fa okùn bàtà. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn tó ń wo àwòrán òun lọ́dọ̀ rẹ nígboro máa kó bàtà wọn wá, ó ti gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ dè wọ́n. Aránṣọ òdìkejì ń bínú ní tiẹ̀, ó ní ṣé kò yẹ kí o sọ fún òun kí òun wọ aṣọ gidi, kí òun sì wo iwájú bí ọmọlúàbí. Mo bá ọ bẹ̀ ẹ́. Èmi gan-an, ẹ̀rín lo ká mọ́ mi lẹ́nu nídìí ìkòkò tí mò ń fọ̀, àlàfo eyín mi hàn gbangba, ṣùgbọ́n mo gbà, ṣebí ọmọ mi ló yà á.

Èyí tó wá dé yìí ló kọjá agbára mi. O ní wọ́n ti tẹ àwòrán mi tóbi bí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn kan, àwọn àlejò sì ń tò wá wò mí. Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ tóbi tóbi báyẹn, tí wọ́n kọ ọjọ́ orí sí abẹ́ rẹ̀, bí kì í bá ṣe òkú? Mo fẹ́ kọ̀wé kí o yára sọ̀ mí kalẹ̀, àṣé ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń ṣiṣẹ́ nígboro níbẹ̀ ló lọ kan fèrèsé ní gbọ̀ngàn yẹn, ló bá rí mi lára ògiri. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó wọn àwòrán náà níbẹ̀, ó ra pákó tí yóò fi kan pósí mi, ó wọkọ̀, ó ń bọ̀ wá sin mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó wálé, iṣẹ́ ò jẹ́. Ó sunkún wọ àgbàlá, ó bá mi pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́, ló bá sá padà síta. Kò wọlé àfi ìgbà tí mo pè é ní Ajẹmájẹkù, orúkọ tí mo fi ń yọ ọ́ lẹ́nu ní kékeré. Pákó náà gùn jù mí lọ fíìfíì, ó ti fi ṣe àga gbọọrọ, orí rẹ̀ ni mo jókòó sí kọ lẹ́tà yìí. Ó bá mi tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe, a sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ọ̀la ló ń padà.

Jọ̀ọ́, sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ mi pé mo wà láàyè, pé ìkòkò ni mò ń fọ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi wá nǹkan ṣe sí eyín yìí, torí o ní wọ́n máa gbé mi dé òkè òkun, mi ò sì fẹ́ gbé ẹnu báyìí wọ ìlú onílùú. Tí o bá mú owó náà wá fúnra rẹ, kò ní sọnù lọ́nà.

Ojú tí o fi ń wo ayé ò ní fọ́, ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n nídìí iṣẹ́, ibi tí o bá dúró sí ni oore á ti bá ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ṣì ń bà mí, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mo ti kú, ó wálé. Ìwọ tó mọ̀ pé mo wà láàyè, ìgbà wo lo ń bọ̀?

Èmi ni,
Ìyá rẹ.