Aago Méjìlá Àárọ̀

Silver Spring, Maryland,
Oṣù Ginbot, bí a ṣe ń ka oṣù nílé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Zenebech,

Mo kí yín láti òkèèrè, mo kí gbogbo ilé, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Dessie? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá yín níbi ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, kó má bá yín lórí ibùsùn àìsàn. Tiwa níbí, ara le, ọpẹ́ ni fún Mikaeli mímọ́ tí ẹ fi mí lé lọ́wọ́.

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ẹ mọ̀ pé kíláàsì kẹfà ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Bí mo bá mú bírò dání báyìí, ọ̀rọ̀ tó kún inú mi á sá pamọ́ bí òròmọdìyẹ tó rí àṣá. Lórí fóònù, ẹ máa ń béèrè pé, "Wubit, ìwé ìgbélùú yín ńkọ́?" Èmi náà á ní à ń retí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ojú ń tì mí láti sọ ìyókù níbi tí gbogbo ilé ti ń gbọ́. Ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ọkọ mi Demissie ń tọ́jú mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù bà yín nígbà tó ti Amẹ́ríkà wá sin ìyá rẹ̀, tó rí mi níbi tí mo ti ń fún àwọn aṣọ̀fọ̀ ní kọfí, tó mu ife mẹ́ta tí gbogbo ayé ń mu tán, tó tún na ife sí mi. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé, "Kò sẹ́ni tó ń mu ife kẹrin. Ọkùnrin yìí, kì í ṣe kọfí ló ń wá." Ó fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù mí lọ, irun etí rẹ̀ ti ń funfun, ṣùgbọ́n bó bá ń rẹ́rìn-ín, ọmọdé ni. Abẹ́ ilé ńlá kan tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ṣí géètì rẹ̀ láàárọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò yé mi lára rẹ̀. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, kó tó bọ́ bàtà, á ní, "Wubit, aago mélòó ló lù?" Bẹ́ẹ̀ fóònù wà lápò rẹ̀, aago sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi á wo ọwọ́ mi, màá sọ fún un, á sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń dùn ún.

Aago Bàbá tí ẹ so mọ́ mi lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfúrufú ni mo máa ń wò. Ó tóbi púpọ̀ fún mi. Àǹtí Mulu, àgbà ìlú wa kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, ní aago náà ló so mí, kì í ṣe èmi ni mo so ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo dúró lójú fèrèsé títí oòrùn fi yọ, mo sì gbé ọwọ́ aago náà sí méjìlá, bí Bàbá ti máa ń ṣe kó tó lọ lu agogo ilé ìwé. Aago mẹ́fà ni àwọn ará ibí ń pe ìgbà yẹn. Láti àárín òru ni wọ́n ti ń ka tiwọn, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì lajú. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò yí tèmi padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìwé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn lórí ìwé lásán kí wọ́n lè gba káàdì ìgbélùú, nítorí náà ìjọba ń fẹ́ ẹ̀rí pé tọkọtaya tòótọ́ ni wá. A kó ìwé ilé, ìwé báńkì, àwòrán ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ kún àpò kan. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ ìdílé, mo ń fi bírò họ orí. Ta ló ń jẹ́ orúkọ ìdílé ní Dessie? Mo kọ Ayalew, orúkọ Bàbá. Àǹtí Mulu ní orúkọ ọkọ ni àwọn obìnrin ibí máa ń gbà. Mo ní Demissie kọ́ ló bí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Kò pẹ́ tí ìjọba fi kọ̀wé sí wa pé nǹkan kan ò bára mu. Ẹni tó túmọ̀ ìwé ìbí mi nílé fi ọdún tiwa sílẹ̀ bó ṣe wà, kò yí i sí tiwọn. Ẹ mọ̀ pé ọdún tiwa fi nǹkan bí ọdún méje tàbí mẹ́jọ wà lẹ́yìn tiwọn, nítorí náà ìwé ìbí sọ mí di àgbà ju ìwé ìrìnnà mi lọ. Demissie ní òun fẹ́ ọmọge, wọ́n fi ìyá arúgbó ránṣẹ́ sí òun. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni àtúnṣe yẹn gbà. Láti ìgbà náà, ọdún ni Demissie ń kọ́ mi. Bí mo bá ń fọ abọ́, á bi mí pé ọdún wo la ṣègbéyàwó. Bí mo bá dáhùn ti ilé, á ní, "Tiwọn, Wubit, tiwọn." A tẹjú mọ́ ọdún. Kò sẹ́ni tó rántí wákàtí.

Àǹtí Mulu náà ń dán mi wò sílẹ̀ de ọjọ́ tí ìjọba máa bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó bí ọ̀gá, wọ́n á bi mí pé àwọ̀ wo ni búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọkọ mi, pé apá wo lórí ibùsùn ló ń sùn. Ìgbà tí mo gbọ́ ti ibùsùn, mo fi ìborùn bo ojú. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, Amẹ́ríkà ò mọ ìtìjú. Bí wọ́n bá bi ọ́, ṣáà dáhùn. Lẹ́yìn náà kí ojú wá tì ọ́ dé ilé."

Lọ́jọ́ tí ìjọba pè wá sí ọ́fíìsì wọn, Lidya, ọmọbìnrin Àǹtí Mulu, ló bá wa lọ ṣe ògbufọ̀. Níbí ni wọ́n bí i. Ó gbọ́ èdè wa, àmọ́ èdè ilé ìdáná àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ funfun ló gbà wá wọlé. Ó wo Demissie, ó wo èmi, ó tún wo irun etí Demissie, mo sì mọ ohun tó ń rò. Ó ní òun máa bá wa sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó kọ́kọ́ pe Demissie, ìgbà tó jáde ni èmi àti Lidya wọlé.

Ó bi mí ní ọdún ìgbéyàwó, mo dáhùn ní tiwọn láìkọsẹ̀. Inú mi dùn. Ó wá bi mí pé aago mélòó ni ọkọ mi ń lọ síbi iṣẹ́. Mo ní aago méjìlá. Ìgbà wo ló ń padà? Mo ní aago mẹ́sàn-án. Ìgbà wo la ń jẹun alẹ́? Mo ní aago kan. Lidya rọra bi mí pé, "Àǹtí, aago kan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé bó ṣe rí nìyẹn. Ó túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Ilẹ̀ ni mo ń wò ní gbogbo ìgbà náà, bí ẹ ṣe kọ́ mi pé a kì í tẹjú mọ́ àgbà. Mi ò mọ̀ pé níbí, ẹni tó bá ń wolẹ̀, wọ́n á ní irọ́ ló ń pa.

Obìnrin náà fi bírò sílẹ̀, ó ní kí wọ́n pe Demissie wọlé. Ó ní ọkọ sọ pé òun ń jáde ní mẹ́fà, òun ń dé ní mẹ́ta, àwọn sì ń jẹun ní méje. Ìyàwó ní méjìlá, mẹ́sàn-án, àti kan. Ó ní, "Ẹni méjì tó ń gbé ilé kan kì í dáhùn báyìí. Mi ò lè fọwọ́ sí èyí." Ẹ̀gbọ́n mi, bí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á dá mi padà sílé, Demissie á kù síbí. Demissie yíjú sí mi. Kì í ṣe ojú ìbínú. Ojú ẹni tó ń béèrè ni, pé ṣé ilé tí mò ń gbé nìwọ náà ń gbé?

Bí ẹ̀rù bá bà mí, aago Bàbá ni mo máa ń wò, mo bá wò ó. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí aago ńlá kan lára ògiri lókè orí obìnrin náà. Mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni tiyẹn. Ọwọ́ gígùn aago méjèèjì wà lójú kan náà. Ọwọ́ kúkúrú nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin tẹ máa ń bá mi ná ọjà nítorí pé mi ò lè lanu, mi ò mọ ẹni tó gbé mi dìde lọ́jọ́ náà. Mo gbé ọwọ́ mi lé orí tábìlì rẹ̀, láàárín gbogbo ìwé yẹn, mo sì fi ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́ sọ ọ́ fúnra mi: "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Aago mi nìyí. Ẹ wo tiyín."

Ó wò ó. Ó wo ògiri. Demissie gbá orí ara rẹ̀, ó ní, "Wubit, aago ilé lo kà fún wọn." Ó ní òun náà, bí òun bá ti wọ iṣẹ́, tiwọn lòun ń kà, bí òun bá délé, tiwa, òun ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí òun ń yí i mọ́. Ó ṣàlàyé fún obìnrin náà pé láti ìgbà tí oòrùn bá yọ la ti ń ka wákàtí, pé mẹ́fà tiwọn ni méjìlá tiwa. Lidya la ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ka aago nílé wa? Màmá mi ò sọ fún mi rí."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n òun fẹ́ dán an wò. Ó tún ní kí Demissie jáde. Ó bi mí ní ìgbà tí a jí lọ́jọ́ náà, ìgbà tí a ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà tí a ń pa iná. Bí mo bá ti dáhùn, á máa ka ìka bí ọmọ kíláàsì kìíní, á sì kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé kí ni ọkọ mi kọ́kọ́ ń ṣe bó bá wọlé. Mo ní ó máa ń bi mí pé aago mélòó ló lù. Ó ní ṣé kò ní aago ni? Mo ní ó ní. Kí ló wá dé tó fi ń béèrè? Mo ní mi ò mọ̀, bóyá ojú ń dùn ún.

Ó pe Demissie padà, ó bi í ní gbogbo rẹ̀, ó ń fi bírò tẹ̀ lé e lórí ìwé, ó sì ń mi orí. Ó wá kan ti aago. Demissie wojú mi, ó sì fi èdè wọn dá a lóhùn. Lidya ń sọ ọ́ sí mi létí bó ṣe ń sọ ọ́: "Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó sọ aago fún mi bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́. Ìgbà tí Wubit dé ni mo tún gbọ́ ọ. Mo mọ aago tó lù. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni."

Mo fi ìborùn bo ojú, kì í ṣe ti ìtìjú nìkan. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Ó ní òun ti fọwọ́ sí i, pé káàdì á bá wa nílé. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó wo aago ògiri, ó ka ìka rẹ̀, ó ní kí Lidya sọ fún mi pé ẹ kú aago márùn-ún o. Kò sì ṣì í.

Ìgbà tí Àǹtí Mulu gbọ́, wọn ò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn fi aago ilé pamọ́ fún àwọn ọmọ àwọn kí wọ́n má bàa pẹ́ dé ilé ìwé, nígbà tó yá àwọn náà gbàgbé rẹ̀. Báyìí, Lidya ń gòkè wá bá mi. Mo ń po kọfí, ó ń kọ́ aago. Ó ṣì ń ṣì í, màá ní, "Tiwa, Lidya, tiwa."

Bí káàdì náà bá dé, mo lè wá kí yín kí n sì padà sọ́dọ̀ ọkọ mi láìsí ìbẹ̀rù. Ẹ máa tọ́jú ẹsẹ̀ yín. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbó, kí wọ́n tọ́, kí òjò ọdún yìí mú oúnjẹ wọ aká yín. Ẹnu ọ̀nà tí mo gbà jáde lójú yín, òun náà ni kí n gbà wọlé bá yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ tọ́ dàgbà,
Wubit Ayalew.

Mo tún rántí: Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé yìí pa nígbà tí apínlẹ́tà kanlẹ̀kùn. Káàdì náà dé. Àwòrán mi inú rẹ̀ ò dára, mo dà bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, orúkọ Bàbá ni wọ́n kọ sókè, gàdàgbà, kó tó kan tèmi. Bàbá tí kò kọjá Kombolcha ìtòsí wa rí ní gbogbo ayé rẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí ibojì rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé ó ti wọ Amẹ́ríkà, pé aago rẹ̀ ló mú un wọlé.