Màmá, Mo Ti Gbójú Sókè

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìhín. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Wálé àti gbogbo ará ilé. Ṣé òjò ti ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú? Oòrùn Lọ́kọ́jà ń sè wá bí ẹni ń se ẹ̀wà ni. Bí mo bá wẹ̀ tán, òógùn á tún ti dé kí n tó nura.

Iṣẹ́ olùkọ́ orin tí mo ń ṣe ní àdúgbò Gánájà níbí ń lọ dáadáa. Owó rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ mi. Àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ ló ń dà mí láàmú, ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta fáyólìn, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní gòjé òyìnbó.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo dá ta fáyólìn níwájú èrò, mi ò ṣìṣe rárá, àmọ́ fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹlòmíì lòun máa fi sí ipò mi. Mo sunkún, Màmá.

Ìyá àgbà kan, ará Kàbà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, tó wà láàárín èrò lọ́jọ́ náà, ló là mí lóye. Ó ní òun rò pé wọ́n fipá mú mi wá ni, nítorí mo doríkodò, mo sì dúró gbagidi bí òpó. Ẹ̀kọ́ yín mà ni o! Ẹ̀yin lẹ ní ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ kì í wo àgbà lójú kòrókòró, kì í sì í mira níwájú wọn.

Lọ́jọ́ tó tún kàn mí, bí mo ṣe rí àwọn àgbà ní ìjókòó iwájú, kí n tó ronú, mo ti kúnlẹ̀ tòun ti fáyólìn lọ́wọ́. Ìyá yẹn dáhùn pé ọ̀kun o, bí wọ́n ṣe ń kíra nílé wọn. Àwọn yòókù gbè é. Mo dìde. Mo ti bọ̀wọ̀ fún wọn tán, kí ni mo tún ń sá fún? Mo wò wọ́n lójú, mo jẹ́ kí ara mi tẹ̀lé orin. Níbi tó ti rọlẹ̀, mo tẹ̀ síwájú díẹ̀, àwọn náà sì tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó wọn. Orin àkọ́kọ́ náà ni o, mi ò fi nǹkan kan kún un! Nígbà tí mo parí, wọ́n dìde pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ní ipò mi di tèmi.

Màmá, bí mo bá dé ní Kérésì, màá kúnlẹ̀ kí yín, lẹ́yìn náà màá ta fáyólìn fún yín, màá sì máa wò yín lójú. Ẹ má pè é ní àfojúdi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èmi náà.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ kí gbogbo ará àdúgbò.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ kọ́ ní ìkúnlẹ̀,
Bùkọ́lá