Ìgbésí Ayé Bàbá Kò-ní-tẹ̀, Ẹni Tó Ń Fi Irin De Ọkọ̀ Àtijọ́

Ní ọdún 1944, nínú yàrá kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ni wọ́n bí olóògbé, bàbá wa ọ̀wọ́n. Káfíńtà tí kì í kan àga láìfi ẹsẹ̀ karùn-ún kún un ni bàbá wọn. Ìyá wọn jẹ́ aránṣọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni í sì rán ojú kan náà. Ẹni tó bá mọ irú ilé yẹn kò ní bi wá léèrè ibi tí Bàbá ti jogún ìwà wọn.

Wọ́n lọ sí ilé ìwé títí di ọdún 1959. Ìwé wọ etí wọn díẹ̀, ariwo irin gba ìyókù. Ní ọdún 1960, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ páńẹ́lì-bítà kan tó ń sọ ọkọ̀ àtijọ́ di ọ̀tun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe tó tọ́ wọn sọ́nà títí ayé. Ọ̀gá ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Bàbá gé gbogbo irin tó ti dípẹtà lábẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ oníbàárà kan, láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá irin de ara ọkọ̀ náà pọ̀. Bí wọ́n ṣe fi jáàkì gbé e sókè, ọkọ̀ tẹ̀ láàárín bí ibùsùn arúgbó. Ilẹ̀kùn tó wà ní títì ò ṣí mọ́, èyí tó wà ní ṣíṣí ò sì padé mọ́. Ọ̀gá dé, ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọṣẹ́, ó ní: "O káre. Gba ojú fèrèsé wọlé, kó o wà á lọ bá ẹni tó ni ín."

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò fi ayùn kan ara ọkọ̀ mọ́, àfi tí wọ́n bá ti jó ọ̀pá irin mọ́ inú rẹ̀ láti òpó ilẹ̀kùn kan dé òmíràn, ní òró, ní ìbú àti ní ìdábùú. "Kò ní tẹ̀," ni wọ́n máa ń wí, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára.

Ní ọdún 1970, Bàbá gbé Ìyá wa níyàwó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ti wà lábẹ́ ibùsùn, wọ́n ń jó irin mọ́ ọn. Títí di òní, Ìyá ò tíì rí àlàyé ṣe fún àwọn aládùúgbò.

Olùfọkànsìn ni Bàbá. Ní ọdún 1985, wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti tún àwọn bẹ́ńṣì ilé ìjọsìn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó tíì lè sún ọ̀kan kúrò lójú kan láti ìgbà náà, ńṣe ni wọ́n ń gbálẹ̀ yí wọn ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lórí wọn báyìí ni ẹlẹ́rìí wa.

Ní ọdún 1998, Bàbá ra ọkọ̀ tiwọn láàárín àwọn àlòkù irin, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún tí wọ́n bí Ìyá. Wọ́n ṣèlérí pé Ìyá ni àwọn máa kọ́kọ́ gbé. Wọ́n de ọkọ̀ náà, wọ́n gé ìpẹtà, wọ́n jó irin tuntun sí i, wọ́n tún jó òmíràn lé e. Ẹ́ńjìnnì ń dún, ọ̀dà ń dán, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pá ìdè náà kún inú rẹ̀ débi pé àga kan ò lè wọ̀ ọ́. Bí Ìyá bá ní kí wọ́n gé wọn kúrò, Bàbá á kọ etí ikún. Ọdún ń gorí ọdún. Orúnkún Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn lè kú láìjókòó nínú ọkọ̀ náà rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 2019, Ìyá gbé àpótí ìdáná, wọ́n rá pálá gba àárín àwọn irin, wọ́n sì jókòó sínú ọkọ̀.

"Ẹ gé e."

"Tó bá tẹ̀ ńkọ́?"

"Kó tẹ̀ mọ́ mi lórí. Bàbá àwọn ọmọ, ọkọ̀ yìí ti lágbára tipẹ́. Ọkàn yín ni ò tíì lágbára."

Bàbá gbé ayùn, wọ́n gé gbogbo rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó mì. Bàbá fi ìka kan ti ilẹ̀kùn, ó sì padé wẹ́kú. Ni Bàbá bá bú sẹ́kún. Ìyá ní: "Tẹ́ ẹ bá sunkún tán, ẹ wá àga síbí o, ìdí ń dùn mí."

Láti ìgbà náà, wọn kì í pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ láìjáde. Nígbà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì lọ́dún 2022, wọ́n bọ́ sí ìjókòó kejì, wọ́n ń kọ́ Ìyá ní ọkọ̀ wíwà. Wọ́n di bíréèkì ọwọ́ mú gírígírí, wọ́n ń pariwo, ojú pópó sì di bó ò lọ o yà fún mi. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n jáde kẹ́yìn, Ìyá ṣàkíyèsí pé orí itan ni ọwọ́ Bàbá méjèèjì wà títí àwọn fi délé. Wọn ò pariwo rárá. Ìyá ní ibẹ̀ ni ọkàn àwọn ti já.

Bàbá dágbére fún ayé ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 2023. Wọ́n fi aya sílẹ̀, wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ (ọ̀kan ni wẹ́dà, àwọn méjì yòókù ò fẹ́ rí irin sójú), àti ọmọ-ọmọ méje.

Ẹbí fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wá báni kẹ́dùn mọ̀ pé Ìyá fúnra wọn ló máa wa ọkọ̀ náà tẹ̀lé pósí dé itẹ́ òkú. A ti bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà lọ́nà. Ọkọ̀ náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀.

Ẹ sùn re, Bàbá. Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá ti mọ̀ ọ́n wà.